Ojú Ìwé Tí Mi Ò Tíì Dá Padà

Àkọ́bí mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kó bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ níbi tí o ti ń sáré. Báwo ni iṣẹ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń bínú láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀? Àwọn tó ń gbé lókè yàrá rẹ, ṣé wọ́n ti dín ariwo ẹsẹ̀ wọn kù? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde lówùúrọ̀ kó máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ara líle, kó má sì jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ wọ ọ́fíìsì nítorí ohun tí o ò ṣe. Mo mọ̀ pé àdúrà tó kẹ́yìn yẹn á yà ọ́ lẹ́nu láti ẹnu mi. Ṣáà máa kà á lọ.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀, ó ti ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé láìdi ògiri mú, àfi tó bá rí mi nítòsí ló máa ń tún di ògiri mú kí n lè bá a gbé garawa. Àbúrò rẹ náà ń kí ọ, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó sì ní kí n kọ ọ́ pé ọwọ́ méjèèjì lòun fi ń kí ọ. Páànù tó ń jò lókè tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ṣì ń jò. Mo gbé tábìlì kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó wá di pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gé aṣọ, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló sì ń bá mi dá sí i. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wa ní ẹ̀wù tí mo gé lánàá, apá òsì rẹ̀ gùn ju apá ọ̀tún lọ. Mo ní ọwọ́ onítọ̀hún ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Òsì ló gùn jù lóòótọ́. Mi ò tíì sọ fún un.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá ti gbé e tí o kí mi, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé o ti jẹun, o máa ní o ti jẹun, èmi náà á wá ní ó dára, ó dàbọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo ti kọ lẹ́tà yìí tán nígbà mẹ́ta, mo sì ti ya á nígbà mẹ́ta. Ìkẹrin rèé, mo ti bẹ dírẹ́bà tó máa ń kó aṣọ wá fún wa pé kó yà wá gbà á lọ́sàn-án òní, kí n má bàa ráyè ya èyí náà.

Ìwé ìmọ̀ tí o fi sínú fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá ló fa gbogbo rẹ̀. O lẹ bébà mọ́ páálí rẹ̀, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n máa rí nǹkan kà, pé kò sí ohun téèyàn fẹ́ mọ̀ tí kò sí nínú áàpù yẹn. Mi ò kọ́kọ́ dá a lóhùn. O mọ̀ mí, ohun tó bá ti dára jù, mo máa ń rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí n bá wọn gbé e fún. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ṣí i, tí mo ń wo iwájú rẹ̀, tí mo ń pa á dé.

Nígbà tí mo máa wá bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní láíbìrì ilé-ìwé girama ni mo ṣe é. Mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ, mo wọ awò ojú, mo jókòó dáadáa. Ìwé ìmọ̀ ńlá kan wà ní láíbìrì wa nígbà náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ẹnì kan ló sì ń kà á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù á tò sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tìrẹ, wàá pa á dé, wàá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró. Bí ilé-ìwé kan bá lè kó èèyàn mẹ́jọ sórí ìlà, wo bí ìlà tiwa yìí á ṣe gùn tó, tó jẹ́ gbogbo ayé ló wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, n kì í pẹ́ lójú ìwé kan. Bí mo bá kà á tán, mo máa pa á dé kíá, mo máa ní ẹ ṣeun. Nígbà míì tí mo bá tẹ nǹkan, tí òrùka kékeré kan bá ń yí lójú fóònù tí ìwé ò ṣí, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ló mú ojú ìwé yẹn lọ́wọ́ níbi tó wà. Mo máa gbé fóònù kalẹ̀, mo máa rán etí ẹ̀wù díẹ̀ kó fi kà á tán. Onígbàjámọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ òun nílé nìyẹn, kí òun máa já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ̀ rí. Ó padà sídìí orí tó ń fá.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Mo rò pé ọmọ ilé-ìwé kan tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló fi bírò kun wọ́n. Ọwọ́ mi ṣèèṣì kan ọ̀kan lójú ìwé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé mi lọ sídìí irin, irin gbé mi lọ sídìí ọkọ̀ ojú omi, ìgbà tí màá fi gbójú sókè, ọ̀dọ̀ àbùùbùtán ni mo wà ní ìsàlẹ̀ òkun. Oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ gba ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, mo jìnnà sílé. Ọ̀nà tí mo gbà lọ náà ni mo sì gbà padà wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀dọ̀ àbùùbùtán dé ìdí ọkọ̀, láti ìdí ọkọ̀ dé ìdí irin, torí ojú ń tì mí láti gba ẹnu ọ̀nà wọlé wọn kí n wá gba ojú fèrèsé jáde. Mo tún gbọ́ pé àwọn àwòrán ló ń jẹ dátà, nítorí náà mo máa ń fi àtàǹpàkò bò wọ́n títí màá fi kọjá wọn.

Àmì pẹ́ńsù kan sì wà létí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rẹ fi yé mi pé ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́, kó sì tún ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Mo rẹ́rìn-ín. Alábòójútó láíbìrì tiwa náà máa ń fi pẹ́ńsù sílẹ̀ lórí tábìlì, á wá lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa wo ẹni tó máa mú un. Mi ò súnmọ́ ọn.

Ọjọ́ kan ni mo wá ní kí n wo àdán. Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ àdán? O wà ní prámárì kẹta. Tíṣà yín fi bírò pupa fagi lé e nínú ìwé rẹ pé àdán kì í ṣe ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo sọ fún ọ pé ẹyẹ ni. Mo fà ọ́ lọ́wọ́, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi, mo lọ bá tíṣà yẹn nínú kíláàsì, mo bi í níwájú gbogbo ọmọ pé bí àdán ò bá ṣe ẹyẹ, ṣé ewúrẹ́ tó ń fò ni. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí n má bínú. Ìwọ ń wo ilẹ̀, mo sì rò pé inú rẹ ń dùn sí mi ni.

Ìwé náà ní àdán kì í ṣe ẹyẹ. Ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Mo kà á, mo pa á dé, mo tún tò sórí ìlà, mo tún kà á. Mo dìde, mo lọ sílé tíṣà náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń bomi rin òdòdó. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì nítorí àdán. Ó ní àdán wo? Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí agolo omi fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ni, àwọn bàbá tó wá bá òun jà nítorí òṣùpá, nítorí ẹja, nítorí àdán, òun ò lè kà wọ́n tán, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló padà wá. Ó wá wò mí dáadáa, ó ní Télọ̀, kí ló ń ṣe yín gan-an, torí ojú yín yìí kì í ṣe ojú ẹni tó wá nítorí àdán. Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa.

Ohun tó ń ṣe mí ni pé bí àdán ò bá ṣe ẹyẹ, nǹkan yòókù tí mo sọ fún ọ ńkọ́?

Ó di ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, àbúrò rẹ jẹ́ mẹ́rin. Ó fi sísọ́ọ̀sì mi gé ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ wẹ́wẹ́, o sì gbá a létí. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó sunkún, o fún un ní súìtì ẹnu rẹ, ọ̀rọ̀ ti tán kí ìyá yín tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ibà gbé e dè. Nígbà tí ibà máa lọ, ó bá etí rẹ̀ lọ. Mo dúró láàárín yàrá ìránṣọ, níwájú ìyá rẹ àti oníbàárà méjì, mo na ìka sí ọ, mo ní ìwọ lo di ọmọ yìí létí. Ìyá rẹ ní ibà ni. Mo ní kó má gbè sẹ́yìn ọmọ.  Láti ọjọ́ náà, o ò wọ yàrá ìránṣọ mọ́, ẹnu ilẹ̀kùn lo máa ń dúró sí gba owó ilé-ìwé. O pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, o lọ. Ọdún keje rèé. Ẹ̀bùn ń dé, fóònù ń dé, ìwọ ò dé.

Dúrọ́ọ̀ kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi tí mo máa ń tì pa. Nígbà tí o wà ní kékeré, o rò pé owó ló wà níbẹ̀. Káàdì ọsibítù àbúrò rẹ ló wà níbẹ̀. Dókítà kọ orúkọ àìsàn náà sí i, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ibà tó ń mú ọrùn le ni, èyí tó máa ń mú awọ tó bo ọpọlọ, òun ló sì mú etí ọmọ lọ. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo délé, mo ti káàdì mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mo sì jáde lọ na ìka sí ọ.

Oṣù tó kọjá ni mo mú un jáde. Mo wo orúkọ náà kọ sínú áàpù, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ń gbàdúrà pé kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ má dá a padà.

Ó ṣí. Ti èdè wa kúrú, nítorí náà mo ka ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn mo gbàgbé ìlà, mo gbàgbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n kọ gbogbo ohun tó lè fà á síbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí, oríṣiríṣi. Mo wá ìgbátí níbẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, mi ò rí i. Ó ní ó máa ń mú etí lọ. Ó wá ní ẹni tó bá mú, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá ọjọ́ sí.

Ibí yìí ni mo ti máa ń ya lẹ́tà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ ní ká gbé ọmọ lọ. Mo ní ibà lásán ni, kó lo oògùn. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà ní Ọjọ́bọ̀, mo sì ti ṣèlérí. Ọjọ́ Ẹtì la tó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta, àkọ́bí mi. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, mo ní àná. Mo mọ̀ nínú ara mi pé bí mi ò bá rí ẹni gbé e lé lórí, èmi ni wọ́n máa gbé e lé. Ìwọ lo wà nítòsí. O kéré, o sì ti gbá a létí lóòótọ́. Ìwé náà ní àwọn kan wà tí wọ́n tètè gbé lọ, tí etí wọn ṣì bá a lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rọ̀ mọ́ àwọn kan yẹn. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Bóyá mo pẹ́ jù, bóyá mi ò pẹ́ jù, mi ò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ ọ́n láé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ìwọ.

Mo fi káàdì náà han ìyá rẹ. Ó kà á, ó ká a, ó dá a padà fún mi. Ọjọ́ méjì ló fi ń dá gbé garawa rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n wá gbé garawa.

Ti àbúrò rẹ ló wá ṣòro jù. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ka ojú ìwé náà, ó gba fóònù, ó kà á dé ìsàlẹ̀, kò tilẹ̀ bo àwòrán kankan. Ó ti mọ̀wé jù mí lọ báyìí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sórí aṣọ dúdú oníbàárà tó wà lórí tábìlì pé ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé òun ló fà á. Ó wò ó. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní èmi ni. Ó ní ìgbà wo. Mo kọ ọ́ fún un. Àkọ́bí mi, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orí àpótí aṣọ ló jókòó sí, èmi àti ìwọ ló ń wò, ọ̀rọ̀ náà kọjá lórí rẹ̀, kò sì gbọ́. Láti kékeré ló ti rò pé ojú ń tì ọ́ láti ní àbúrò bíi tòun, pé ìdí tí o kì í fi wọ yàrá tó bá wà nìyẹn. Ó kọ ìyẹn náà sórí aṣọ, títí àyè fi tán lórí rẹ̀. A ò tíì nù ún. Oníbàárà wá gba aṣọ rẹ̀, mo ní kò tíì parí.

Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ti tún wọlé. Lọ́jọ́ náà, àbúrò rẹ tẹ àmì kan lórí fóònù, fóònù sì kọ ọ́ pé a ti fi ojú ìwé yìí pamọ́ fún ọ, o lè kà á bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá tilẹ̀ sí. Mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Ó ṣì wà níbẹ̀! Ó wà nínú ilé wa, a ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Mo sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní kíláàsì kẹrin, mo ya ojú ìwé kan nínú ìwé ìmọ̀ ńlá ti láíbìrì wa, èyí tó ní àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tó mi í wò ó. Ọmọ tó tò sẹ́yìn mi ni wọ́n bá ìwé náà lọ́wọ́. Wọ́n nà án, wọ́n sì lé e ní láíbìrì títí ó fi jáde ìwé. Mo dúró níbẹ̀, ojú ìwé wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi, mo ń wo ilẹ̀. Ṣé o rí i, ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹrù mi.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ojú ìwé ibà yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Onígbàjámọ̀ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ìwé inú fóònù kì í tán. Orí èèyàn ló mọ̀ ọ́n fá, kò mọ ìwé. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo máa ń rò ó pé bàbá kan wà níbì kan, ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, ọrùn ti ń le, ó ń wá ojú ìwé náà, òrùka ń yí, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà. Bóyá yúnífọ́ọ̀mù wà nílẹ̀ fún òun náà. Mo ti fẹ́ dá a padà títí, mi ò lè ṣe é. Bí mo bá dá a padà kí o tó kà á, wàá ní Bàbá ti tún gbé ọ̀rọ̀ àdán dé. Mo fẹ́ kí o fi ojú ara rẹ kà á, nínú yàrá ìránṣọ, lórí ìjókòó, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí gbogbo wa wá jọ dá a padà.

Mi ò ní béèrè owó púpọ̀. Fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, torí mo rò pé ọ̀nà tí a máa fi dá a padà á jìn, ojú ìwé náà sì wúwo, àwòrán mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó páànù kan kún un. Bí kò bá gbà á, fi gbogbo rẹ̀ wọkọ̀, kí o gbé ara rẹ wá. Ó ti pẹ́ tí páànù ti ń jò, kò ní tìtorí ọ̀sẹ̀ kan bínú.

Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ níjọ́sí náà ni mo fi ń sọ èyí: ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Ọwọ́ tí o fi gbá a náà lo fi yọ súìtì lẹ́nu fún un, kí ọwọ́ náà máa rí ire gbà níbi gbogbo. Ibi tí o bá dúró, kí wọ́n fún ọ ní ìjókòó. Bí o bá bímọ, kí o má lọ́ra. Kí Ọlọ́run mú ọ délé ní àlàáfíà. Àmín.

Àbúrò rẹ ní kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún òun nísàlẹ̀, òun ló sì máa lẹ àpò ìwé. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní ka ohun tó bá kọ.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Télọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ìwé náà ò sọnù, gbogbo ayé ló ń kà á. Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá kí wọ́n tó rán ojú abẹ́rẹ́ kan tán. Mi ò tíì fẹ́ ṣàlàyé ni, torí kí wọ́n má bàa ṣíwọ́ pípè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má sọ fún wọn. Mo ti gbé ìjókòó yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí èmi náà fi ń ránṣọ. Ẹ ṣáà yára bọ̀, bàbá kan ń dúró.